Aṣọ Tí A Kò Gé: Òfì Obìnrin Ìjẹ̀bú àti Àkọ́rọ̀ Oṣù Ẹrẹ́nà



Ẹnìkan tí ó ń gbé ní ilẹ̀ òtútù béèrè lọ́wọ́ mi láìpẹ́ yìí pé, kí ni Yorùbá ń pe ìgbà tí ewé tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í rú, tí òdòdó ń tanná lẹ́yìn ọ̀gìnnìtìn. Mo dá a lóhùn pé òtútù kò pa igi tiwa rí tó bẹ́ẹ̀ tí a ó fi sọ ìgbà tí ó jí ní orúkọ. Ohun tí àwa ní ni ẹ̀ẹ̀rùn, tí ọyẹ́ ń fẹ́ nínú rẹ̀, àti òjò. Láàrin àwọn méjèèjì ni àkọ́rọ̀ wà: òjò àkọ́kọ́ tí í máa ń bọ́ sí ìparí oṣù Èrèlé tàbí inú oṣù Ẹrẹ́nà, tí í pa eruku ojú ọ̀nà, tí í sì mú kí ilẹ̀ máa rùn bí ìkòkò amọ̀ tuntun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bu omi sí.

Ní Ìjẹ̀bú-Igbó tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, àkọ́rọ̀ ni ibodè láàrin àríyá àti oko. Owó kòkó ti ń wọlé láti oṣù Ọ̀wàrà títí dé oṣù Ṣẹ́rẹ́, owó obì náà kì í jìnnà sí i. Nítorí náà, inú ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn baba wa ń gbé ìyàwó, inú rẹ̀ ni wọ́n ń ṣílé, inú rẹ̀ kan náà ni wọ́n ń ṣe òkú àgbà. Gbàrà tí òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, àgbẹ̀ ti kọrí sóko láti gbin àgbàdo, kò sí ẹni tí yóò tún ráyè jókòó sábẹ́ àtíbàbà. (Ọdún ńlá ti Agẹmọ, tí gbogbo Ìjẹ̀bú mọ̀, ó di ìgbà tí àgbàdo bá gbó, oṣù keje kúkú ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.) Ẹbí tí ó bá fi ayẹyẹ sí oṣù Ẹrẹ́nà, òjò ni ó ń bá du àkókò.

Irú ìdíje bẹ́ẹ̀ ni a bá òjò ṣe ní ọdún tí a sin ìyá ìyá mi. Màmá àgbà ti lé ní ọgọ́rin ọdún dáadáa kí ó tó sùn. Òkú ọjọ́ ọ̀la ni, a kò sunkún púpọ̀. Ṣùgbọ́n ní àṣálẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú ìsìnkú, àkọ́rọ̀ dé pẹ̀lú ìjì, ó fa àtíbàbà ya, ó sì lé gbogbo wa wọ inú ilé. Bí a ṣe há mọ́ yàrá rẹ̀ báyìí, láìsí iná, tí a tan àtùpà, ni ẹnìkan sọ pé kí a kúkú ṣí àpótí aṣọ rẹ̀ wò. Bí òjò kò bá rọ̀ ni, bóyá àpótí náà ìbá wà ní títì títí di ẹ̀yìn ogójì ọjọ́, kí ẹni tí ó kọ́kọ́ dé ibẹ̀ sì mú èyí tí ó wù ú.

Kíjìpá aláró mẹ́rin ni ó wà lókè, tí aró ti mú wọn dúdú bí èédú. Lábẹ́ wọn ni àlàárì kan wà. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, nínú aṣọ funfun kan tí ó ti pọ́n nítorí ogbó, ni a ti rí aṣọ tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò rí rí. Ó gùn, ó nípọn, etí rẹ̀ méjèèjì sì ní òwú gígùn tí ó ń já wálẹ̀ bí irun. Ojú rẹ̀ ṣe gbágungbàgun bí ṣàkì màlúù. Láàrin ṣàkì wọ̀nyí ni àwọn ẹ̀dá kéékèèké wà tí a fi òwú pupa àti òwú funfun hun: ọ̀pọ̀lọ́, ọ̀nì, ẹja. Aṣọ olọ́nà ni. Ìtàgbé, aṣọ èjìká àwọn olóyè Òṣùgbó. Bàbá màmá àgbà ni ó ni ín.

Ariyanjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Alàgbà kan nínú ẹbí ní aṣọ òrìṣà ni, kò yẹ kí ó bá wa mọ́lẹ̀ di ọjọ́ ìsìn òkú, kí a dáná sun ún. Àwa ọ̀dọ́ kò gbà, ṣùgbọ́n ìdí tí àwa kò fi gbà kò dára ju tirẹ̀ lọ: a fẹ́ gé e, kí a fi rán fìlà àti ìborùn fún àwọn ọmọ-ọmọ, kí a lè dá yàtọ̀ lọ́jọ́ kejì. Mo jẹ́wọ́ rẹ̀ níhìn-ín. Èmi pàápàá ti fi okùn wọn orí mi.

Ìyá kan tí ó ti etí omi wá, láti apá ibi tí ó ń jẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Ogun Waterside nísinsìnyí, jókòó sórí ọ̀kan nínú ẹní mẹ́fà tí ó dì wá fún òkú. Kò tíì sọ̀rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ta ló hun ún?" Kò sí ẹni tí ó lè dáhùn. Ó ní, "Ẹ kò mọ ẹni tí ó hun ún, ẹ wá ń wá ọ̀bẹ." A ká aṣọ náà padà sínú àpótí lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìbéèrè rẹ̀ kò sì kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà náà wá.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ni pé òye mi nípa òfì kò tọ́ rárá. Bí ẹ bá bi ọ̀dọ́ Yorùbá òde òní léèrè nípa aṣọ òkè, yóò dárúkọ Ìṣẹ́yìn, yóò ṣàpèjúwe ọkùnrin tí ó jókòó sídìí òfì, tí ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ ìtẹsẹ̀, tí ó ń hun aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìbú rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí òwú títa rẹ̀ sì na gbọọrọ lọ síwájú lórí ilẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òfì kejì wà, èyí tí ó dúró ní òòró. Igi méjì tí a gbé ti ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀pá méjì tí a gbé dábùú wọn lókè àti nísàlẹ̀, òwú tí ó ń yí láti ọ̀pá òkè dé ọ̀pá ìsàlẹ̀ tí ó sì tún padà sókè. Obìnrin ni ó ń jókòó níwájú rẹ̀ lórí àpótí kékeré. Ọwọ́ ni ó fi ń ti òwú kọjá, apàsà, igi pẹlẹbẹ bí idà, ni ó fi ń gbá a mọ́ra. Aṣọ tí ó ń jáde níbẹ̀ lè fẹ̀ tó ìgbọ̀nwọ́ kan, méjì tàbí mẹ́ta nínú rẹ̀ tí a bá so pọ̀ sì ti di ìró.

Ẹ wo bí ojú ọjọ́ ṣe wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Òfì ọkùnrin ń fẹ́ gbàgede, nítorí òwú rẹ̀ tí ó na lọ jìnnà. Òjò bá ṣú, ó di kí ó sáré ká a. Òfì obìnrin ń bẹ lábẹ́ òrùlé, ó ń bá ìkòkò ọbẹ̀ àti ọmọ ẹ̀yìn gbé. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, òwú kì í fẹ́ràn ọyẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ táútáú, òwú a máa já nígbàkúùgbà. Bí ọ̀rinrin bá wà, a máa le, a sì máa tẹ̀. Màmá àgbà a máa sọ pé bí àkọ́rọ̀ bá rọ̀ tán ni òwú ń gbọ́ràn. Àsìkò kan náà ni igi ẹ̀lú ń rú ewé tuntun. Ewé tútù yìí ni àwọn aláró ń já, tí wọ́n ń gún nínú odó, tí wọ́n ń ṣù bí ọṣẹ dúdú, tí wọ́n sì ń sá sóòrùn kí òjò tó pọ̀ jù. Nítorí náà, nígbà tí ọkọ ń mú ọkọ́ lọ sóko, ìyàwó ń mú apàsà. Aṣọ tí a ó lò fún àríyá ẹ̀ẹ̀rùn tí ń bọ̀, inú òjò ni a ti ń hun ún.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò rán mi létí òwe tí ó sọ pé kíjìpá ni aṣọ ọ̀lẹ, òfì ni aṣọ àgbà, àgbà tí kò bá lófì a rọ́jú ra kíjìpá. Mo bọ̀wọ̀ fún òwe, ṣùgbọ́n èyí kò bá mi lára mu. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pa á kò tíì jókòó ti ìyá àgbà mi rí láti ìyálẹ̀ta títí di ìrọ̀lẹ́ kí ó rí bí aṣọ ọ̀hún ṣe ń gùn ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta. Kíjìpá le, kò tètè gbó, owó rẹ̀ kò pọ̀, tálákà lè rà á. Bóyá ohun tí wọ́n fi ń bú u gan-an nìyẹn.

Báwo ni ìtàn òfì yìí ti pẹ́ tó? Ìwé àwọn àjèjì tí ó kọ́kọ́ dárúkọ Ìjẹ̀bú ni ti Duarte Pacheco Pereira, ọmọ ilẹ̀ Potogí tí ó kọ ìwé rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1505 sí 1508. Ó sọ nípa ìlú ńlá kan tí ó pè ní Geebu, tí yàrà ńlá yí ká. Ó ní orúkọ ọba ibẹ̀ ní ìgbà tirẹ̀ ni Agusale. Kò ṣòro láti gbọ́ Awùjalẹ̀ nínú rẹ̀. Ó ní òwò ibẹ̀ ni ẹrú, tí wọ́n ń ta ẹnìkan ní ẹ̀gbà idẹ 12 sí 15, àti eyín erin díẹ̀. Kò dárúkọ aṣọ. Mo mọ̀ọ́mọ̀ sọ èyí nítorí pé mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn kan lóde àríyá pé Potogí ti ń ra aṣọ wa láti ọjọ́ tí ó ti kọ́kọ́ gúnlẹ̀. Ìwé rẹ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀. Ènìyàn ni ó sọ pé àwọn ń rà.

Ọ̀rọ̀ aṣọ fara hàn nínú ìwé ní sẹ́ńtúrì kẹtàdínlógún. Robin Law, òpìtàn kan tí ó kó gbogbo ohun tí àwọn ará Yúróòpù kọ nípa Ìjẹ̀bú láàrin ọdún 1500 sí 1700 jọ, tí ó sì yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní nínú àpilẹ̀kọ kan ní ọdún 1986, jẹ́ kí a rí i pé nígbà náà aṣọ ti di ohun tí a fi ń mọ Ìjẹ̀bú. Àwọn oníṣòwò òkun ń rà á ní agbègbè ọ̀sà, wọ́n sì ń gbé e lọ tà ní Etíkun Wúrà, tí a mọ̀ sí Ghana lónìí. Nígbà tí ó fi di òpin sẹ́ńtúrì kejìdínlógún, John Adams, ará Gẹ̀ẹ́sì tí ó wọ ọkọ̀ wá sí etíkun wa lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láàrin ọdún 1786 sí 1800, sọ pé àwọn Ìjẹ̀bú ń hun aṣọ lọ́pọ̀ yanturu fún títà, àwọn Potogí sì ń rà á lọ sí Bùràsíìlì. Ẹ jẹ́ kí n má fi apá kan pa mọ́: Ọ̀yọ́ ni Adams fún ní adé ẹwà. Ti Ìjẹ̀bú, pípọ̀ ni ó yìn. Ó dùn mí díẹ̀ nígbà tí mo kà á, ṣùgbọ́n pípọ̀ náà ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Bí aṣọ bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó ní láti jẹ́ pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí kò ní òfì kò pọ̀.

Ọ̀sà ni ọ̀nà tí aṣọ ń gbà. Ẹni tí ó bá dúró ní etí omi ní Ìbíadé tàbí ní Makun Omi, tí ó kọjú sí ìlà-oòrùn, ojú ọ̀nà Ilàjẹ, Benin àti Niger Delta ni ó ń wò. Bí ó bá kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, Ẹ̀pẹ́ àti Èkó ni. Ọkọ̀ ọ̀pẹ̀ẹ̀rẹ̀ ni mọ́tò ìgbà náà. Omi yìí kan náà ni ó sì gbé àwọn ènìyàn lọ láìpadà.

Ọ̀kan nínú wọn ni Osifekunde. Nígbà tí mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Àgọ́-Ìwòyè, ọ̀rẹ́ mi kan yá mi ẹ̀dà ìtàn rẹ̀, n kò sì sùn lóru ọjọ́ náà. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, a bí i ní nǹkan bí ọdún 1798. Ní ọdún 1820, ó ń rin ìrìn-àjò òwò lórí ọ̀sà lọ sí apá Benin nígbà tí àwọn ajínigbé ojú omi, tí wọ́n jẹ́ Ìjọ̀, mú un, tí wọ́n sì tà á. Ó dé Bùràsíìlì, ó ṣe ẹrú níbẹ̀ fún nǹkan bí ogún ọdún, kí ọ̀gá rẹ̀ tó mú un lọ sí ilẹ̀ Faransé. Ní Paris ni onímọ̀ kan, Marie-Armand d'Avezac, ti bá a pàdé, tí ó ń jókòó tì í, tí ó ń bi í ní ọ̀rọ̀: ìjọba Ìjẹ̀bú, èdè rẹ̀, ìsìn, oúnjẹ, aṣọ. Ìwé náà jáde ní ọdún 1845. P. C. Lloyd tún un ṣe ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nínú ìwé kan tí Philip Curtin ṣe olótùú rẹ̀ ní ọdún 1967. Ẹ rò ó wò: ọkùnrin tí kò fojú kan ilé fún nǹkan bí ogún ọdún, ó ń ka orúkọ ìlú àti nǹkan ilé rẹ̀ fún àjèjì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ṣètò pé kí wọ́n dá a padà sí Áfíríkà, sí Sàró, níbi tí ìbá ti wà lómìnira. Kò gbà. Ó ní ọmọ kan ní Bùràsíìlì. Ọ̀dọ̀ ọmọ náà ni ó padà sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oko ẹrú ni.

Aṣọ tí ó bá ọ̀nà ìlà-oòrùn lọ ní ìpín tí ó dára ju ti Osifekunde lọ. Lisa Aronson, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó ṣe ìwádìí lórí iṣẹ́ àwọn obìnrin ahunṣọ ní Akwete, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Abia báyìí, ni ó ṣí mi lójú sí èyí. Ní ọdún 1992 ni ó tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde lórí aṣọ olọ́nà Ìjẹ̀bú. Aṣọ Ìjẹ̀bú ti ń dé ọ̀dọ̀ àwọn Ìjọ̀ ìlà-oòrùn tipẹ́, wọ́n sì sọ ọ́ di aṣọ ìdílé àti aṣọ olóyè. Wọ́n wo àwọn ẹ̀dá tí ó wà lára rẹ̀, wọ́n rí ìjàpá nínú wọn, wọ́n sì pè é ní *ikakibite*, ìyẹn aṣọ ìjàpá. Àwọn obìnrin Akwete, tí àwọn náà ń hun òfì òòró, bẹ̀rẹ̀ sí í hun irú ọnà náà fún àwọn Ìjọ̀ tí ó jẹ́ oníbàárà wọn. Ó sì wà nínú àṣà àwọn Kalabari títí di òní pé bí àgbà bá kú, wọ́n á fi oríṣiríṣi aṣọ iyebíye inú àpótí ìdílé ṣe ibùsùn lọ́ṣọ̀ọ́ fún un. Nígbà tí mo ka èyí, ojú tì mí. Àwọn tí aṣọ wa bá lálejò ń tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí, ó ń jẹ́ ẹ̀rí ìdílé. Àwa tí a hun ún ń wá sáàsì fìlà.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí òfì náà nílé? Nǹkan mélòó kan ni. Ní oṣù Èbìbí ọdún 1892, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba Ẹ̀pẹ́ wọlé, wọ́n sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n. Títí di ìgbà náà, Ìjẹ̀bú ni ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà láàrin ọ̀sà àti òkè. Ìgbà tí ọ̀nà ṣí, aṣọ ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọlé wẹ́rẹ́ ní owó pọ́ọ́kú. Ìkejì, láàrin ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ogun náà, Ìjẹ̀bú gba ẹ̀sìn Kristi àti ẹ̀sìn Ìsìláàmù pẹ̀lú ìyára tí ó ya àwọn tí ó mú un wá gan-an lẹ́nu. Òṣùgbó kò kú, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìdílé kò tún fẹ́ kí a rí aṣọ ìlédì nínú ilé wọn mọ́. Nítorí náà, alàgbà tí ó ní kí a dáná sun aṣọ lálẹ́ ọjọ́ òjò yẹn, ọ̀rọ̀ tí ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún ni ó ń sọ. N kò lè bínú sí i bí mo ti ṣe bínú tẹ́lẹ̀. Ìkẹta ni ilé ẹ̀kọ́. Ọmọbìnrin tí ó bá ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kò ní jókòó ti ìyá rẹ̀ nídìí òfì ní òwúrọ̀, òwúrọ̀ ni a sì fi ń kọ́ iṣẹ́ ọ̀hún. Màmá àgbà fúnra rẹ̀ kò kọ́ ìyá mi. Ó rán an lọ sí ilé ìwé, ó sì ń fi owó kíjìpá san owó rẹ̀.

Ní Àgọ́-Ìwòyè, níbi tí Yunifásítì ti dé ní ọdún 1982 (Olabisi Onabanjo ni ó ń jẹ́ láti ọdún 2001), ilé àtijọ́ kan ni mo gba yàrá sí. Ihò méjì wà lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, àwọn méjì mìíràn sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Okùn tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń sá ṣòkòtò sí ni a so mọ́ èyí tí ó wà lókè. Ó tó ọdún kejì kí n tó bi ìyá onílé léèrè. Ó ní ibẹ̀ ni òfì ìyá òun wà.

Lẹ́yìn ìsìnkú màmá àgbà, èmi àti ìyá mi lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá etí omi. Àwọn pòpórò ewé ẹ̀ẹ̀ran ni a bá níwájú rẹ̀, ewé kan náà tí a fi ń pọ́n ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Ó ń la pòpórò náà sí wẹ́wẹ́, ó ti sá àwọn kan, ó ti pa àwọn kan láró, ó sì ń fi wọ́n hun ẹní. Ó ní kò sí ìyàwó tí yóò kúnlẹ̀ gba ìre lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, kò sí ọmọ tí a ó sọ lórúkọ tí a kò ní tẹ́ ẹní fún àwọn àgbà, nítorí náà ẹní kì í kùtà. Mo bi í pé ṣé ó mọ ẹni tí ó hun aṣọ wa. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹní ni òun mọ̀, kí n lọ bi ẹni tí ó jogún aṣọ.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ohun kan tí n kò fẹ́ sọ. Ìgi òfì màmá àgbà ti wà ní ẹ̀yìnkùlé, lábẹ́ páànù, fún nǹkan bí ogún ọdún. Òjò òru ọjọ́ yẹn ti rẹ gbogbo igi ìdáná tí a kó sílẹ̀ fún àwọn alásè. Ní ìdájí, wọ́n wá igi gbígbẹ kiri, wọ́n rí òfì, wọ́n là á, wọ́n sì fi se ìrẹsì àti ọbẹ̀ tí a jẹ níbi òkú ẹni tí ó ni ín. Wọn kò mọ̀. A ti jẹun tán kí ìyá mi tó rí apàsà nìkan ṣoṣo tí ó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdògán. Apàsà náà wà lórí tábìlì mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Nígbà tí a fẹ́ pín ogún, a lo orí-ò-jorí, nítorí ọmọ bíbí inú rẹ̀ márùn-ún ni wọ́n dọ́gba. Kíjìpá àti àlàárì pín wẹ́rẹ́ bí a ti ka orí. Aṣọ olọ́nà jẹ́ ẹyọ kan. Alàgbà náà ni ó yà mí lẹ́nu: ó ní bí a kò bá ní sun ún, kí a má ṣe gé e, kí ó máa lọ láti ilé ọmọ kan dé ilé èkejì, ọdún kan ọdún kan, kí a máa gbé e fún ara wa ní oṣù Ẹrẹ́nà nígbà ìrántí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe títí di ìsinsìnyí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹbí ti wọ̀ ọ́ lọ sí Òjúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, láàrin ọ̀kẹ́ àìmọye aṣọ òkè tí òwú rẹ̀ ń dán yinrin. Wọ́n bi í pé níbo ni ó ti rà á.

Ọdún yìí, ó kan ilé ìyá mi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì àkọ́rọ̀, a tẹ́ ẹ sórí ẹní láti fún un ní afẹ́fẹ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, dọ̀bálẹ̀ tì í, ó ń ka ẹsẹ̀ àwọn ọ̀pọ̀lọ́. Ó pariwo pé ọ̀kan ní ẹsẹ̀ mẹ́ta péré. Mo wò ó; òótọ́ ni. Mo ti ń wo aṣọ náà láti ọdún yìí wá, n kò rí i.

Ìyá mi ní, "Háà, ibẹ̀ nìyẹn." Ó ní bí màmá àgbà bá ṣí aṣọ náà, ìka rẹ̀ a máa lọ sórí ọ̀pọ̀lọ́ yìí, a sì máa sọ pé, "Ibí ni mo ti dé." Ìyá mi rò pé ó ń ṣeré ni. Ìyàwó olóyè ni ó ń hun aṣọ ìwúyè ọkọ rẹ̀, oyún rẹ̀ sì ti tó bí. Ìrọbí mú un nídìí òfì. Nígbà tí ó padà dé ìdí rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ìlà tí ó kàn ni ó ń bá lọ.

Ọmọ náà bèèrè ìdí tí kò fi tú u, kí ó hun ẹsẹ̀ kẹrin. Ìyá mi ní kí ó lọ mú apàsà wá lórí tábìlì mi, kí ó gbé e wò bí ó ti wúwo tó.